Bí ajá tó ń ṣọ́ màlúù ṣe ń kó àrùn dìgbòlugi ran ìkookò Ethiopia

Lórí àwọn òkè Bale ní gúúsù ìlà-oòrùn Ethiopia, ìkookò àti màlúù jọ ń gbé pápá kan náà ni. Ìkookò ibẹ̀ kò lè gbé màlúù ṣánlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń gbé ọmọ àgùntàn. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn darandaran ni ewu tó yára pa á jù ti ń wá, ajá tó ń ṣọ́ ẹran wọn ló sì ń gbé e gun òkè.

Ewu náà ni àrùn dìgbòlugi. Ìkookò Ethiopia tó dàgbà, tó sì ṣẹ́kù ní gbogbo ayé, kò tó 500. Ju ìdajì wọn lọ ló wà ní Bale. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 títí di ọdún 2014, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni dìgbòlugi ti jà láàárín wọn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ẹranko rí kọ́ lára ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí ìkookò yè ní láti kọ́kọ́ yà sí agboolé darandaran, kó sì gún ajá ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Iṣẹ́ yìí kan náà ló ń dáàbò bo màlúù àti ọmọ ẹni tó ni màlúù.

Níbo ni Bale wà?

Ìpínlẹ̀ Oromia ni àwọn òkè Bale wà, nǹkan bí 400 kìlómítà sí Addis Ababa tó jẹ́ olú-ìlú Ethiopia. Ọdún 1970 ni wọ́n sọ ibẹ̀ di igbó ọba. Lọ́dún 2023, àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé.

Òkè tó ga jù níbẹ̀ ni Tullu Dimtu, tó ga ní 4,377 mítà. Ká lè mọ bó ṣe ga tó, Chappal Waddi, tó jẹ́ òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, jẹ́ 2,419 mítà. Nǹkan bí 2,000 mítà ni Tullu Dimtu fi ga jù ú lọ.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ńlá kan wà lórí òkè níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sanetti. Ibẹ̀ ga tó 4,000 mítà. Igi ńlá kò lè hù níbẹ̀ nítorí òtútù. Koríko àti igbó kúkúrú ló bo ilẹ̀, àfi ewéko kan tí wọ́n ń pè ní lobelia, tó máa ń dá dúró gbọọrọ láàárín pápá, tó sì ń ga ju ènìyàn lọ. Lálẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òtútù máa ń mú débi pé omi á di yìnyín.

Tí èèyàn bá sọ̀kalẹ̀ lápá gúúsù, yóò bọ́ sínú igbó Harenna, níbi tí igi kọfí ti ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀. Lápá àríwá, ní agbègbè Dinsho, ni èèyàn ti lè rí nyala orí òkè, ẹranko oníwo tó jọ ìgalà, tí kò sí níbòmíràn láyé yàtọ̀ sí Ethiopia. Àwọn odò tó ń ṣàn láti Bale ló ń fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn lómi ní ìsàlẹ̀, títí dé ilẹ̀ Somalia.

Ìkookò wo là ń sọ?

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọdẹ máa ń pe ẹranko tó ń fọ́ egungun, tó sì ń jẹ òkú ẹran, ní ìkookò. Hayínà nìyẹn. Hayínà wà ní Bale náà, ṣùgbọ́n òun kọ́ là ń sọ. Ìkookò Ethiopia jẹ́ ìbátan ajá. Ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, àyà àti ọ̀fun rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, imú rẹ̀ sì rí ṣóńṣó. Kò tóbi ju ajá ilé lọ.

Àwọn onímọ̀ sọ pé ìkookò ilẹ̀ Europe àti Asia ló bá tan jù. Àwọn baba ńlá rẹ̀ gba òkè òkun wọ Áfíríkà nígbà tí òtútù bo apá púpọ̀ nínú ayé. Nígbà tí ayé tún móoru, wọ́n ṣẹ́kù sórí àwọn òkè tó tutù.

Eku ni oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù ní Bale ni eku ńlá kan tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀, tó lè wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù kan. Kò sí irú eku yìí níbòmíràn láyé. Ìkookò á rọra rìn, á dúró, á gbọ́ bí eku ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀, á wá fò mọ́ ọn lójijì.

Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí gbé ìròyìn kan jáde pé àwọn ìkookò Bale tún máa ń lá omi dídùn inú òdòdó kan tó pọ̀ lórí òkè náà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹranko ajẹran ńlá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìkookò àti agbo màlúù

Àwọn Oromo tó ń dá ẹran ní Bale ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe ìkookò yìí. Jeedala farda ni wọ́n ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí akátá ẹṣin. Ìdí ni pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, ó máa ń tẹ̀lé abo ẹṣin tàbí màlúù tó fẹ́ bímọ, kó lè jẹ ibi ọmọ tó bá jábọ́.

Kò mọ síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn ti rí i pé ìkookò máa ń wọ àárín agbo màlúù tó ń jẹ koríko, kó lè fi wọ́n bojú. Eku kì í fi bẹ́ẹ̀ sá fún màlúù, nítorí náà ìkookò á ti sún mọ́ ọn kó tó fura.

Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní Guassa, lágbègbè Menz ní àríwá Addis Ababa, níbi tí àwọn ọ̀bọ ajekoríko tí wọ́n ń pè ní gelada ti pọ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé tí ìkookò bá ń ṣọdẹ láàárín àwọn gelada, ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tó bá fò mọ́ eku ló máa ń rí i mú. Tó bá dá nìkan wà, ìdá 25 péré ni. Àwọn gelada náà kì í sá fún un.

Ajá ló gbé ìṣòro dé

Láyé àtijọ́, àwọn ará Bale kì í gbé orí òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní godantu. Bí àkókò bá tó, wọ́n á kó ẹran lọ sí pápá tútù àti síbi àwọn orísun omi oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní hora. Tó bá yá, wọ́n á kó wọn padà, koríko á sì ráyè hù.

Nǹkan ti yàtọ̀ báyìí. Ènìyàn ti pọ̀ sí i. Àwọn àgbẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ fún oko, ọkà báálì sì ti ń gun òkè lọ. Àwọn mìíràn ti kọ́ ilé sórí òkè, wọ́n ń gbé ibẹ̀ tọ̀jò tẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti ẹṣin wọn.

Ibi tí ẹran bá wà ni ajá máa ń wà. Darandaran nílò ajá nítorí hayínà àti àmọ̀tẹ́kùn tó máa ń wá lóru. Iṣẹ́ ajá náà ni kó gbó, kó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ewu dé.

Ṣùgbọ́n àwọn ajá yìí kì í wà lórí ìso. Oúnjẹ tí wọ́n ń rí nílé kì í tó wọn, nítorí náà wọ́n máa ń wá òkú ẹran jẹ káàkiri, wọ́n sì máa ń lé eku. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé ìkookò. Nígbà mìíràn wọ́n á bá ara wọn jà. Nígbà mìíràn, akọ ajá á gun abo ìkookò, wọ́n á sì bí ọmọ àdàlù, bó ti ṣẹlẹ̀ rí ní àfonífojì Web ní ìwọ̀ oòrùn Bale.

Èyí tó burú jù ni ìgbà tí ajá náà bá ní dìgbòlugi.

Bí àrùn náà ṣe ń tàn

Inú itọ́ ni kòkòrò àrùn dìgbòlugi máa ń wà. Bí ẹranko tó ní i bá bu òmíràn jẹ, kòkòrò náà á wọ ara, á gba ojú iṣan lọ sínú ọpọlọ. Tí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn tàbí ẹranko, ó ṣòro kó yè.

Ìwà ìkookò Ethiopia fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ kí àrùn náà tètè tàn. Òun nìkan ló máa ń ṣọdẹ, ṣùgbọ́n ẹbí ńlá ló ń gbé pọ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á kóra jọ, wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á fi imú kan imú, wọ́n á fẹnu kan ara wọn. Wọ́n á tún jọ rìn yí ààlà ilẹ̀ wọn ká. Abo kan ṣoṣo tó jẹ́ ìyálé ló sábà máa ń bímọ nínú ẹbí kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn yòókù á jọ máa gbé oúnjẹ wá fún ọmọ náà.

Ìfẹ́ yìí ló ń mú kí wọ́n yè nínú òtútù. Ṣùgbọ́n tí dìgbòlugi bá wọ inú ẹbí kan, ó lè pa gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Lọ́dún 1991 sí 1992, ju ìdajì lọ nínú àwọn ìkookò tí àwọn olùwádìí mọ̀ ní Bale ló kú tàbí tó pòórá. Nígbà tí àrùn náà tún padà dé lọ́dún 2003, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ìkookò tó wà ní àfonífojì Web ló bá a lọ. Ó tún jà lọ́dún 2008 sí 2009, ó sì tún jà lọ́dún 2014.

Àrùn ajá mìíràn tún wà tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní distemper. Òun náà pa ìkookò Bale lọ́dún 2006, lọ́dún 2010 àti lọ́dún 2015. Ìgbà míì wà tí àwọn tó yè nínú dìgbòlugi kò tíì bímọ tó kí èyí tó tún dé.

Abẹ́rẹ́ fún ajá, ẹran ewúrẹ́ fún ìkookò

Lọ́dún 1995, Claudio Sillero, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Oxford, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ethiopian Wolf Conservation Programme. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti agboolé dé agboolé ní Bale, tí wọ́n ń gún ajá àwọn darandaran ní abẹ́rẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ajá ni wọ́n ń gún lọ́dọọdún.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, sọ pé ó yẹ kí ajá 70 nínú ọgọ́rùn-ún gba abẹ́rẹ́ kí dìgbòlugi tó lè kásẹ̀ nílẹ̀ ní àdúgbò kan. Àmọ́ ọmọ ajá tuntun ń bẹ láyé lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ajá kì í sì í pẹ́ kú. Àwọn darandaran tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ tún máa ń mú ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ dání. Ẹni tó gún gbogbo ajá abúlé kan lọ́dún yìí ní láti padà síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti ìkookò fúnra rẹ̀. Nígbà tí dìgbòlugi jà lọ́dún 2003, wọ́n mú àwọn ìkookò kan, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Wọn kò gún gbogbo wọn. Àwọn ẹbí tó ń gbé lójú ọ̀nà tóóró tí àrùn náà lè gbà jáde láti àfonífojì Web lọ sí ibòmíràn ni wọ́n dojú kọ. Àrùn náà dúró síbẹ̀. Ìwádìí tó jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2006 fi hàn pé kò di dandan kí gbogbo ìkookò gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n má baà run, bí wọ́n bá ṣáà ti dí ọ̀nà tó yẹ.

Síbẹ̀, mímú ìkookò lọ́kọ̀ọ̀kan ń gba àkókò, ó sì ń kó ìpayà bá ẹranko náà. Nígbà tí wọ́n bá fi máa mọ̀ pé àrùn ti dé, ọ̀pọ̀ á ti kú.

Wọ́n wá wá ọ̀nà tí ìkookò á fi máa jẹ àjẹsára náà. Wọ́n dán oríṣiríṣi ẹran wò, wọ́n sì rí i pé ẹran ewúrẹ́ ló wù ú jù. Wọ́n á fi oògùn náà pamọ́ sínú ẹran náà, àwọn òṣìṣẹ́ á gun ẹṣin lóru, wọ́n á sì jù ú síbi tí ẹbí ìkookò máa ń sùn sí. Lọ́dún 2018, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ìdánwò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà yìí ní Bale kí àrùn tó dé, dípò kí wọ́n máa sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ohun tó bá ojú ló bá imú

Àwọn kan lè béèrè pé kí ló kan darandaran nínú ọ̀rọ̀ ìkookò, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń wá oúnjẹ òòjọ́. Èsì rẹ̀ wà nínú àrùn náà. Dìgbòlugi tó ń pa ìkookò ló ń pa màlúù. Ethiopia ló ní màlúù jù ní gbogbo Áfíríkà, màlúù kan ṣoṣo sì lè jẹ́ gbogbo owó tí ìdílé kan fi pamọ́. Bí ajá bá bù ú jẹ, wàrà lọ, ọmọ lọ, owó ilé ìwé náà lọ.

Ó tún ń pa ènìyàn. Àjọ WHO sọ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì jẹ́ ará Áfíríkà àti Asia. Ajá ló ń kó o ran ènìyàn ní ìgbà 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń fara gbá a jù, lórí òkè Bale sì rèé, ọmọdé ló sábà máa ń da ẹran.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ethiopia nìkan. Ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká, ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ ṣì pọ̀ láàárín ìgboro. Ìmọ̀ràn tí àwọn elétò ìlera ń gba gbogbo ènìyàn kò yàtọ̀:

• Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15.
• Kó lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ láti gba abẹ́rẹ́, kó má sì dúró de àmì àrùn.
• Kí ẹni tó ní ajá máa gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára déédéé.

Koríko náà ń tán

Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣẹ́gun dìgbòlugi, ọ̀rọ̀ pápá ṣì kù. Bí ẹran bá pọ̀ ju koríko lọ, ilẹ̀ á ṣófo, eku kò ní ríbi sá sí, ìkookò kò sì ní rí eku jẹ. Màlúù pàápàá á rù. Nítorí náà, ohun tó dára fún ìkookò lórí òkè yìí dára fún màlúù pẹ̀lú.

Àwọn ará Guassa mọ èyí láti nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní Qero, tó ń pàṣẹ ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè gé koríko guassa tí wọ́n fi ń bo ilé, àti ìgbà tí ẹran lè wọ pápá. Wọ́n lè ti pápá náà fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n tó ṣí i nígbà ọ̀dá. Nígbà tí ìjọba ológun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn lọ́dún 1975, òfin náà wó lulẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ilẹ̀ náà. Ìkookò ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ní Bale, ìjíròrò ṣì ń lọ láàárín àwọn aláṣẹ igbó ọba àti àwọn darandaran lórí ibi tí ẹran lè dé àti iye tó lè wọlé. Ọ̀rọ̀ tó le ni, nítorí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ gbà pé ilẹ̀ bàbá wọn ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì níbòmíràn láti kó ẹran lọ.

Kò sí ọgbà ẹranko kankan láyé tó ní ìkookò Ethiopia kan ṣoṣo. Gbogbo èyí tó kù, orí àwọn òkè bíi Bale, Arsi, Menz àti Simien ló wà, níbi tí oko àti agbo ẹran ti yí i ká. Bí wọ́n bá kú tán níbẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti lè mú òmíràn wá.

Títí di ìsinsìnyí, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń gun ẹṣin káàkiri Bale pẹ̀lú ẹran ewúrẹ́ fún ìkookò àti abẹ́rẹ́ fún ajá. Ajá tí wọ́n gún ní agboolé darandaran lónìí kò ní kó dìgbòlugi ran ìkookò lọ́la, kò sì ní kó o ran ọmọ tó ń tẹ̀lé e lọ da ẹran.